Ẹ fẹ́ẹ́ ra ọkọ̀ asáré tòkunbọ̀? Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo máìlì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó ti pé lọ́wọ́ yín. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ sì fẹ́ẹ́ fi ra ọkọ̀ tó ti wà lọ́kàn yín látìgbà tẹ́ ẹ ti wà nílé ìwé: ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì, èyí táwọn ọmọ òde òní ń pè ní sípọ́ọ̀tù. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ẹ bá Porsche Boxster méjì tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe àwọn méjèèjì. Máìlì 38,000 ló wà lójú mítà àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ń dán gbinrin, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Máìlì 96,000 ló wà lójú mítà ìkejì, ọ̀dà iwájú rẹ̀ ti ń ṣí, awọ àga awakọ̀ sì ti hunjọ. Owó tí wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ju ti ìkejì lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé sáfíìsì kan wà nínú ọkọ̀ kejì yìí, òǹtẹ̀ kún inú rẹ̀, rìsíìtì rẹpẹtẹ sì wà nínú báńdélì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Èwo lẹ máa rà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò sáré sí èyí tí máìlì rẹ̀ kéré, wọn yóò sì máa dúpẹ́ pé àwọn rí ọkọ̀ tí kò tíì ṣiṣẹ́. A ò sọ pé wọ́n ti ṣìṣe o. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kówó tó kúrò lápò. Gbogbo ọkọ̀ àlòkù ló ní gbèsè lára: ọ́ìlì tó yẹ kí wọ́n ti yí tí wọn ò yí, bẹ́líìtì tó ti gbó, táyà tó ti gan, búréèkì tó ti jẹ tán. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá san owó ọkọ̀ ni gbèsè náà di tiyín. Iye máìlì kò lè sọ fún yín bí gbèsè náà ṣe tó. Ìtọ́jú tí wọ́n fún ọkọ̀ náà ló ń sọ ọ́.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ lásán ni, èèyàn lè fara da àṣìṣe yìí. Corolla tí wọn ò tọ́jú, mẹkáníìkì àdúgbò á tún un ṣe, ẹ ó sì rí páàtì rẹ̀ rà níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ asáré ò rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ọkọ̀ tó bá sì mọ eré sá, owó ló ń gbé e sá.

Mítà náà lè purọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun kékeré kan tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú pópó, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì là ń lò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Amẹ́ríkà àtàwọn orílẹ̀-èdè bíi Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù la ti ń kó tòkunbọ̀ wá, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Jàpáànù. Mítà ọkọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà. Ti Jámánì, kìlómítà ni. Máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.6. Nítorí náà, 60,000 tẹ́ ẹ rí lójú ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ti lé ní kìlómítà 96,000. Bẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Jámánì tí mítà rẹ̀ ka 80,000, èyí tẹ́ ẹ rò pé ó rìn jù gan-an ló rìn kéré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fa mítà sẹ́yìn. Látọdún 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ NHTSA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó lọ́hùn-ún, fojú bù ú pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú mítà irọ́, owó táwọn tó ń rà wọ́n sì ń pàdánù lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí òfin ti le, kí lẹ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà bá ti gorí omi, tó ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin kó tó dọ́dọ̀ yín? Ẹ má sì rò pé mítà oníkọ̀ǹpútà kò ṣeé fà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì ń pẹ́.

Àmọ́ ara ọkọ̀ kì í purọ́ bíi mítà. Ẹ wo rọ́bà tó wà lórí pẹ́dà búréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo awọ sítíárìn níbi tọ́wọ́ máa ń dì mú, kẹ́ ẹ wo etí àga awakọ̀ tí èèyàn máa ń fìdí gbá nígbà tó bá ń wọlé tàbí tó ń jáde. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ máìlì 38,000 ló rìn lóòótọ́, àwọn ibí yìí kò yẹ kó tíì jẹ. Bí wọ́n bá ti jẹ, ẹ béèrè ìdí. Bí rọ́bà pẹ́dà bá sì jẹ́ tuntun fọ́ọ́ nínú ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, ẹ béèrè ìdí tìyẹn náà.

Ẹ tún gba nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, ilé iṣẹ́ bíi Carfax àti AutoCheck ń ta àkọsílẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ tó gba ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àti iye máìlì tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ 71,000 lọ́dún 2012, tó wá di 38,000 lónìí, ẹ dìde ńbẹ̀. Owó tẹ́ ẹ máa fi gba àkọsílẹ̀ yìí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀.

Kí ló dé tí máìlì rẹ̀ fi kéré?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé mítà náà kò purọ́. Ọkọ̀ 2003 tó jẹ́ máìlì 38,000 péré ló rìn látìgbà yẹn, kò tó máìlì 2,000 lọ́dún. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 12,000 làwọn tó ń díye lé ọkọ̀ máa ń kà sí ọdún kan. Kí ló wá dá ọkọ̀ yìí dúró?

Ó lè jẹ́ pé olówó kan ló ni ín, tó ní ọkọ̀ mìíràn tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, tó wá ń gun èyí lópin ọ̀sẹ̀ nìkan, tó sì ń yí ọ́ìlì rẹ̀ lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá orí yín dúpẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà da ìwé sáfíìsì nù, torí ó mọ̀ pé ìwé náà lowó.

Ó sì lè jẹ́ pé ìjàǹbá ló dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré máa ń forí sọ nígbà tí wọn ò tíì rìn jìnnà, torí eré àsápajúdé. Iléeṣẹ́ adójútòfò á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọn á ta egungun ọkọ̀ náà ní gbàǹjo, ẹnìkan á nà án, á kùn ún, á gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Máìlì rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó kéré gan-an ni kò jẹ́ kó ṣeé rà. Bákan náà lọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tí omi mù. Nígbà tí ìjì Katrina jà lọ́dún 2005, tí Sandy jà lọ́dún 2012, tí Harvey sì jà lọ́dún 2017, ọkọ̀ rẹpẹtẹ ni omíyalé bò mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí omi bá wọ wáyà rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ sá a gbẹ, bópẹ́ bóyá iná inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga sókè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ni ín ṣàìsàn, tàbí ó rìnrìn àjò, tàbí ó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ọkọ̀ ò dà bí aṣọ tí èèyàn ká sínú àpótí o. Ọ́ìlì tó pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì máa ń gba omi àti kẹ́míkà tó ń jẹ irin. Ọ́ìlì búréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Àwọn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì máa ń gan, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi.

Ti táyà ló léwu jù. Táyà ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ máa ń ní eyín tó jinlẹ̀, ẹni tó bá wò ó á ní tuntun ni. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ 1409, táyà ọdún 2009 nìyẹn. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sáré ní màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ohun tí máìlì ò lè sọ nípa ẹ́ńjìnnì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Boxster méjì yẹn. Inú ẹ́ńjìnnì wọn, ọ̀pá kan wà tí wọ́n ń pè ní IMS, tó ń gba agbára lára kíránkì lọ sórí àwọn ṣéènì tó ń mú kí fáàfù ṣí kó sì pa dé. Orí bíárìn kékeré kan ni ọ̀pá yìí ń yí lé. Bí bíárìn náà bá fọ́, ṣéènì á fò, fáàfù á kọlu písítìnnì, odindi ẹ́ńjìnnì sì lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà débi pé àwọn tó ni ọkọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2013, wọ́n fi àdéhùn yanjú ẹjọ́ náà fún Boxster àtàwọn 911 kan tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2001 sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 2005. Àwọn méjì tiwa yìí wà láàárín rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fọ́ o, èyí tí kò fọ́ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì náà dunjú ń kìlọ̀ pé èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ jù, tí wọn ò sì ń tètè yí ọ́ìlì rẹ̀, ni kéèyàn ṣọ́ra fún jù. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n bá sọ gíà kalẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ló dáa láti pààrọ̀ bíárìn náà, torí ẹ̀yìn ibẹ̀ ló wà. Ẹ wá tú báńdélì rìsíìtì ọkọ̀ kejì: bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní máìlì 81,000, tí wọ́n sì pààrọ̀ bíárìn yìí lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ tó rìn máìlì 96,000 ti san gbèsè tí ọkọ̀ 38,000 ṣì jẹ.

Ẹ wo Mazda RX-8 náà, tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2012. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnnì, irin onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé kó máa jó ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kò bá ń wo ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà á pa á. Mazda fúnra rẹ̀ fa àkókò ìdánilójú tó ṣe lórí ẹ́ńjìnnì náà gùn ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ti 2004 sí 2008, ó sọ ọ́ di ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000. RX-8 tó jẹ́ máìlì 50,000 ló rìn lè ti ń kú lọ. Àyẹ̀wò agbára ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì ló lè fi hàn, mítà kò lè fi hàn.

Ní ti Ferrari F355, tí wọ́n ṣe láti 1994 sí 1999, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó lè pààrọ̀ bẹ́líìtì inú rẹ̀. Iye ọdún ni wọ́n sì fi ń ka ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é, kì í ṣe máìlì nìkan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìgbọ́kọ̀sí ló wà látọdún yìí wá, owó yẹn á jáde.

Ọkọ̀ asáré tó rin mílíọ̀nù mẹ́ta máìlì

Ẹni tó bá ń rò pé máìlì ló ń pa ọkọ̀, kó gbọ́ ìtàn Irv Gordon. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní ìpínlẹ̀ New York. Lọ́dún 1966, ó ra Volvo P1800S pupa kan, ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì. Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló ń gùn kiri gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1987, mítà rẹ̀ pé mílíọ̀nù kan máìlì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ó pé mílíọ̀nù mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Alaska, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Ọkọ̀ náà ti rin ju máìlì 600,000 lọ kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Gordon kú lọ́dún 2018.

Kò lo oògùn kankan. Ìwé tí ilé iṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé: ọjọ́ tí wọ́n ní kó yí ọ́ìlì, ó yí i, ohun tí wọ́n ní kó pààrọ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Máìlì náà ní tirẹ̀

Àṣejù ni yóò jẹ́ bí a bá ní máìlì ò já mọ́ nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀kù, búṣì, kílọ́ọ̀ṣì, gíà àti bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀, lílò ló ń jẹ wọ́n, bó ti wù kí ọ́ìlì mọ́ tó. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ẹ́ ta ọkọ̀ náà, máìlì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ẹ́ rà á máa bi yín. Nítorí náà, bí ọkọ̀ méjì bá ní ìwé ìtọ́jú tó pé bákan náà, ẹ mú èyí tí máìlì rẹ̀ kéré, kẹ́ ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé náà sì gba àyẹ̀wò o. Ìwé tó kún fọ́fọ́ títí di 2011, tí kò wá ní nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọkọ̀ tí wọ́n pa tì ni. Ọdún márùn-ún tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wò ó bóyá máìlì tó wà lórí rìsíìtì ń gòkè bó ṣe yẹ, bóyá nọ́ńbà ṣáásì orí rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí

Àpẹẹrẹ lásán lèyí o. Ẹ jẹ́ ká pe owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní 100, ká pe ti ìkejì ní 75. Àkọ́kọ́ nílò táyà mẹ́rin, kílọ́ọ̀ṣì àti bíárìn, páǹpù omi, bátìrì, ọ́ìlì gbogbo ara rẹ̀. Ká ní ìyẹn jẹ́ 30. Ọkọ̀ náà ti di 130. Ìkejì nílò ṣọ́ọ̀kù àti ọ̀dà iwájú. Ká ní ìyẹn jẹ́ 12. Ó di 87.

Ẹni tó ní 100 gééré lọ́wọ́ lè ra ọkọ̀ kejì, kó tún un ṣe tán, kó sì máa gùn ún lọ. Bó bá ra àkọ́kọ́, gbogbo owó rẹ̀ ti wọlé, gbèsè 30 ṣì wà níta. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ asáré ṣe máa ń dèrò ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n á fi tapólì bò ó, tí adìẹ á máa yé sábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àpapọ̀ ti ní kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó páàtì tó ń ti òkè òkun wá ti fò sókè kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Ẹ wádìí owó páàtì ní Ládípọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sì wá mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀. Bí ẹ ò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe nílùú yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ ò bá wá níwèé rárá ńkọ́? Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tútù ló máa ń sọ òótọ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín gbé e sókè, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì tú fílítà ọ́ìlì wò bóyá ìyẹ́ irin wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e rìn títí yóò fi gbóná. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, tó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró láti rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á.

Nínú Boxster méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìkejì làwa máa rà, pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀ tó ń ṣí. Bó bá sì jẹ́ àkọ́kọ́ lẹ ṣì fẹ́, tí ọkàn yín ò kúrò lórí rẹ̀, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ yọ gbèsè ara rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n ń pè kẹ́ ẹ tó dúnàá-dúrà. Bí wọn ò bá gbà, ẹ rọra máa lọ. Ọkọ̀ asáré kò ní tán lọ́jà.